Aṣọ alámì kì í ṣe ayẹta

Ìyá kan kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní: "Nọ́ọ̀sì ni àbígbẹ̀yìn mi. Ẹgbẹ́ ìrànwọ́ kan ti gbà á síṣẹ́, oṣù tó ń bọ̀ ni yóò sì gbéra lọ sí orílẹ̀-èdè kan tí ogun ti ń jà. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé òfin àgbáyé kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àwọn, pé aṣọ tó ní àmì lára làwọn máa ń wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òfin lè dá ọta ìbọn dúró? Kí ló ń dáàbò bò wọ́n gan-an?"

Ìyá mi, ẹ kú àníyàn ọmọ. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni pé mo ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn lójú ogun, nítorí náà n kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín. Òfin kì í dá ọta ìbọn dúró, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ alámì kì í ṣe ayẹta. Ohun tó ń dáàbò bo irú ọmọ yín ni pé kí ẹni tí ìka rẹ̀ wà lórí ìbọn ti gbọ́ nípa rẹ̀ kó tó rí i, kó sì gbà pé obìnrin yìí kò wá jà, kò wá ṣe amí, kò sì gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Orí òfin ni ìgbàgbọ́ yẹn dúró lé. Bí kò bá sí òfin, kò sí ohun tí a ó fi bá ọ̀gá ológun sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó wà láàárín ìwé òfin àti ìka yẹn jìn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí òfin náà wí, torí ọmọ yín kò parọ́ fún yín. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1859, ogun ńlá kan jà ní Solferino, ní àríwá Ítálì. Oníṣòwò ará Switzerland kan, Henry Dunant, bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ níbẹ̀, tí kò sí ẹni tó máa bu omi fún wọn. Òun àtàwọn obìnrin ìlú Castiglione tó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ ọgbẹ́, wọ́n ń di í, wọn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè pé ọmọ ogun ìlú wo ni ọ́. Ohun tó rí yẹn ló bí Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ní 1863. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, orílẹ̀-èdè 12 fọwọ́ sí Àdéhùn Geneva àkọ́kọ́. Ọmọ ogun tó gbọgbẹ́ nìkan ni wọ́n rò nígbà yẹn. Ó di ọdún 1949, lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kejì ti run ìlú lódindi, kí wọ́n tó ṣe àdéhùn kẹrin, èyí tó jẹ́ ti ará ìlú. Lónìí, orílẹ̀-èdè 196 ló wà nínú àdéhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí ìjọba tó lè ní òun kò gbọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ tí kò fọwọ́ sí ìwé kankan pàápàá, òfin yìí mú wọn.

Orí ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dá lé: ẹni tó ń jà, àti ẹni tí kò jà. Ẹni tí kò bá jà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dojú ìbọn kọ ọ́. Bí ó bá sì rú ọmọ ogun lójú bóyá ẹni yìí ń jà tàbí kò jà, òfin ní kó kà á sí ará ìlú. Gbólóhùn "bí ó bá rú u lójú" yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo òfin ogun, torí pé ó gbé ẹrù náà ka orí ẹni tó ní ìbọn lọ́wọ́. Kì í ṣe obìnrin tó ń sáré gbé ọmọ sọdá títì ló máa fi hàn pé òun kì í ṣe ọ̀tá. Ẹni tó fẹ́ yìnbọn ló gbọdọ̀ mọ̀ dájú kó tó yìn ín. Bó bá tiẹ̀ dá a lójú pé ọmọ ogun ni òun ń wò, tó sì mọ̀ pé òkú ará ìlú tó máa bá a lọ yóò pọ̀ ju àǹfààní tí òun máa rí nínú ìjà náà, ó gbọdọ̀ fi í sílẹ̀.

Ti ilé ìwòsàn tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn kan bá ń yìnbọn láti inú rẹ̀ pàápàá, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá ti kìlọ̀, tí wọ́n sì fún àwọn ènìyàn láyè tó tó, tí àwọn tó ń yìnbọn sì kọ etí ikún sí ìkìlọ̀ náà, ni ààbò rẹ̀ tó lè kúrò. Pé ọmọ ogun tó gbọgbẹ́ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ kò sọ ilé ìwòsàn di ibùdó ogun. Mo máa ń tẹnu mọ́ eléyìí fún àwọn nọ́ọ̀sì, torí òun ni ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù: ṣé mo lè tọ́jú ẹni tó ń jà? Bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà tó ti gbọgbẹ́ tó sì ti gbé ìbọn sílẹ̀, aláìsàn ni. Ìjọba kankan kò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ nọ́ọ̀sì nítorí pé ó di ojú ọgbẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Kí ọmọ yín mọ èyí sórí kó tó gbéra.

Ẹ ó wá ní, bí òfin bá mọ́lẹ̀ tó báyìí, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń kú? Ẹ wo Kunduz, ní àríwá Afghanistan. Ẹgbẹ́ dókítà Médecins Sans Frontières ní ilé ìwòsàn kan níbẹ̀ fún àwọn tó fara pa. Wọ́n ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí ènìyàn ṣe. Wọ́n ti fún àwọn tó ń jà ní nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibi tí ilé náà wà lórí máàpù, wọ́n sì tún fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Iná ń tàn nínú ilé náà lóru nígbà tí gbogbo ìlú ṣókùnkùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 2015, ọkọ̀ òfurufú ogun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò ìbọn lé e lórí. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ń pe fóònù sọ́tùn-ún sósì, wọ́n ń sọ fún àwọn ológun pé ilé ìwòsàn ni wọ́n ń lù, síbẹ̀ ìbọn kò dákẹ́. Ènìyàn 42 ló kú: aláìsàn, òṣìṣẹ́, àti ẹbí tó wá tọ́jú aláìsàn.

Ìwádìí tí àwọn ológun Amẹ́ríkà fúnra wọn ṣe fi hàn pé àwọn tó wà nínú ọkọ̀ òfurufú náà gbéra láìní àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí wọn kò gbọdọ̀ lù lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tí wọn ì bá fi gbà á lójú ọ̀run kò ṣiṣẹ́. Ilé kan ni wọ́n ń wá, ilé mìíràn ni wọ́n lù. Wọ́n bá ènìyàn 16 wí lábẹ́ ìlànà iṣẹ́ ológun, kò sí èyí tó fojú ba ilé ẹjọ́ nínú wọn. Ìyá mi, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nínú èyí ni pé àdírẹ́sì ilé ìwòsàn náà wà lọ́wọ́ àwọn ológun. Inú fáìlì ló wà. Kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ìka rẹ̀ wà lórí ìbọn.

Mo ti rí ibi tó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èmi ni mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́. Ọkọ̀ wa méjì ń gbé oògùn lọ sí ìletò kan. A ti kọ̀wé ṣáájú sí ẹgbẹ́ méjèèjì tó ń jà: nọ́ńbà ọkọ̀, àwọ̀ rẹ̀, ọ̀nà tí a ó gbà, aago tí a ó kọjá, orúkọ ènìyàn méje. Lójú ọ̀nà, a rí bàbá arúgbó kan tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn, ó ru àpò kan. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo ní ká gbé e. Nígbà tí a dé ibi àyẹ̀wò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún bẹ̀rẹ̀ wo inú ọkọ̀, ó ń ka orí wa. Ó yọ bébà kan lápò àyà, wọ́n ti ká a sí mẹ́rin, òógùn ti rin etí rẹ̀. Ó tú u, ó fi èékánná tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì tún wa kà. Ó ní, "Ẹni méje ló wà níbí. Mẹ́jọ ni yín."

Wọ́n ní ká pa ọkọ̀, ká sọ̀ kalẹ̀. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀ la fi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì. Wọ́n tú àpò bàbá náà, aṣọ àti ìkòkò kan ló wà níbẹ̀. Wọ́n pe ọ̀gá wọn, ọ̀gá wọn pe ọ̀gá tiwa. Ọjọ́ kejì ni oògùn náà tó dé. Inú bí mi sí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lọ́jọ́ náà débi pé mi ò lè wò ó lójú. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó títí láti ìgbà náà: òun ló tọ̀nà. Bébà tó wà lápò rẹ̀ yẹn ni ìdí tí kò fi yìnbọn sí wa láti òkèèrè nígbà tó rí eruku ọkọ̀ wa. Àwa la sọ nǹkan kan, tí a tún ṣe òmíràn. Ẹni kẹjọ lè jẹ́ amí tó wá wo bí ibùdó wọn ṣe rí. Báwo ni yóò ṣe mọ̀? Láti ọjọ́ náà, bí ẹni tí kò sí nínú ìwé bá wà lójú ọ̀nà, à ń dúró, à ń pe ẹgbẹ́ méjèèjì lórí fóònù kó tó wọlé. Ó máa ń dùn mí tí a bá ní láti fi ẹnì kan sílẹ̀. Síbẹ̀ mo máa ń fi í sílẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ara mi kì í gbà á bí ẹnikẹ́ni bá fi àmì ìrànwọ́ tan ọ̀tá rẹ̀ jẹ, bó ti wù kí ìdí rẹ̀ dára tó. Ní oṣù Keje ọdún 2008, àwọn ọmọ ogun Colombia díbọ́n bí òṣìṣẹ́ ìrànwọ́, wọ́n sì gba ènìyàn 15 kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ FARC láìyin ìbọn kankan. Ingrid Betancourt, tó ti du ipò ààrẹ rí, wà lára wọn. Gbogbo ayé yọ̀, èmi náà yọ̀. Kò pẹ́ ni Ààrẹ Álvaro Uribe jẹ́wọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun náà fi àmì Alágbèélébùú Pupa sára, ó sì tọrọ àforíjì. Ẹ wá fojú inú wo ọlọ̀tẹ̀ tó bá rí ọkọ̀ alámì lẹ́yìn ìyẹn, nínú igbó, lálẹ́. Kí ló máa rò? Nọ́ọ̀sì tó wà nínú ọkọ̀ yẹn ni yóò san gbèsè tí kì í ṣe òun ló jẹ ẹ́.

Ẹ tún bi ọmọ yín pé irú àmì wo ló wà lára aṣọ rẹ̀. Àgbélébùú pupa, òṣùpá pupa, àti kírísítà pupa tí wọ́n fi kún un ní 2005, òfin ló fìdí àwọn wọ̀nyẹn múlẹ̀. Àmì ẹgbẹ́ yòókù kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Òfin ń dáàbò bo ẹni tó wọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ará ìlú tó wá ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tí ẹgbẹ́ náà ti ní ní àdúgbò yẹn ló máa sọ bí àmì wọn ṣe wúwo tó.

Ẹ lè rò pé ó sàn kí wọ́n fi sójà tẹ̀ lé wọn. Ìgbà mìíràn wà tí kò sí ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n sójà ni ẹni tí òfin gbà kí ọ̀tá yìnbọn sí, ẹni tó bá jókòó tì í ti bá a pín nínú ewu rẹ̀. Ìdí rẹ̀ rèé tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń lẹ àwòrán ìbọn tí wọ́n fi ìlà pupa dá lágbedeméjì mọ́ fèrèsé ọkọ̀ wọn. Ẹni tí kò mọ̀wé kà pàápàá mọ ohun tó ń sọ.

N kò ní fi ibi tí gbogbo èyí kò ti ràn pa mọ́ fún yín. Ẹgbẹ́ kan lè pinnu pé àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ gan-an ni àwọn fẹ́ pa. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 2003, wọ́n fi ọkọ̀ tí bọ́ǹbù wà nínú rẹ̀ lu ibùdó Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Baghdad. Ènìyàn 22 ló kú, Sérgio Vieira de Mello tó jẹ́ aṣáájú wọn níbẹ̀ sì wà lára wọn. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi ń rántí àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ lọ́dọọdún káàkiri àgbáyé. Bí ọ̀rọ̀ bá dà báyìí, ààbò kan ṣoṣo tó kù ni kí ènìyàn kúrò, ẹgbẹ́ tó bá sì mọṣẹ́ ti kọ ìgbà tí yóò kúrò sílẹ̀ kó tó débẹ̀ rárá. Ọkàn ènìyàn kì í fẹ́ fi aláìsàn sílẹ̀. Bí a bá ní ká dúró dìgbà tí ewu bá dé kí a tó pinnu, a kì í tètè kúrò.

Àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í bi mí léèrè nípa wọn ló tún kù. Ní ọdún 2024, òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ 383 ni wọ́n pa káàkiri ayé, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kéde. Gaza ni ó ju 180 nínú wọn kú sí, 60 sì kú sí Sudan. Ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Bí nǹkan bá le, ọkọ̀ òfurufú lè wá gbé ọmọ yín. Awakọ̀ rẹ̀ ń gbé ládùúgbò náà, ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Agbẹ̀bí tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa gba ibi àyẹ̀wò yẹn kọjá lálẹ́ láìsí ọkọ̀ alámì. Mo máa ń sọ fún àwọn tó bá ń lọ pé: ẹ wo bí ẹgbẹ́ yín ṣe ń tọ́jú awakọ̀. Bí wọn kò bá fún un ní ẹ̀kọ́ ààbò tí wọ́n fún yín, bí wọn kò bá sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹbí rẹ̀ bí ó bá kú, wọn kò mọ ohun tó ń dáàbò bò yín. Awakọ̀ yẹn ló mọ ìgbà tí ọ̀nà dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Àwọn ará ìlú tí ọmọ yín ń lọ tọ́jú náà ńkọ́? Ó ní àṣìṣe kan tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́pọlọ pípé pàápàá, pé bí wọ́n bá ti kìlọ̀ kí àwọn ènìyàn kúrò ní àdúgbò kan, ẹni tó bá kù síbẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Irọ́ ni. Ẹni tí wọ́n ní kó kúrò tí kò kúrò, ará ìlú ló jẹ́ síbẹ̀, ààbò rẹ̀ kò dín nípa bí irun orí. Arúgbó tí kò lè rìn, aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé, ọmọ tí wọ́n so omi mọ́ lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn, ibo ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n sá lọ? Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a kàn pe ibì kan ní ibi ààbò kò tó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1993, Ìgbìmọ̀ Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde Srebrenica ní Bosnia gẹ́gẹ́ bí ibi ààbò, àwọn ènìyàn sì gbàgbọ́, wọ́n kóra jọ síbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1995, àwọn ọmọ ogun Serb ti Bosnia wọlé, wọ́n sì pa ju 8,000 ọkùnrin àti ọmọdékùnrin lọ. Wọ́n ti kéde ààbò náà, ṣùgbọ́n wọn kò rán ọmọ ogun tó tó láti dáàbò bo ìlú náà.

Ẹ ó bèèrè nípa ìdájọ́. Òfin tó dá Ilé Ẹjọ́ Ọ̀daràn Àgbáyé sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, sọ ọ́ kedere pé mímọ̀ọ́mọ̀ kọlu òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ jẹ́ ìwà ọ̀daràn ogun. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Ìgbìmọ̀ Ààbò tún fọwọ́ sí ìpinnu 2730 lórí ọ̀rọ̀ wọn kan náà. Ó tó, bí ìwé bá ń gbani. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọwọ́ ilé ẹjọ́ kì í sì í tó èkù náà. Síbẹ̀ ó ti tó o rí: Stanislav Galić, ọ̀gágun tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń yìnbọn sí ará ìlú ní ojú títì Sarajevo ní Bosnia, ẹ̀wọ̀n gbére ni ilé ẹjọ́ àgbáyé mìíràn, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ogun Yugoslavia, dá fún un ní 2006. Mo máa ń sọ ẹjọ́ yẹn fún àwọn ọ̀gá ológun tí mo bá bá jókòó. Wọ́n máa ń dákẹ́ gbọ́ ọ.

Ní báyìí, kí ọmọ yín tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́, kó bi wọ́n: ta ló ń bá ẹgbẹ́ tó ń jà sọ̀rọ̀ ní orúkọ yín, ìgbà wo ló sì bá wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn? Bí wọ́n bá dárúkọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo nínú méjèèjì, kó má lọ. Kó bèèrè ẹni tó ní àṣẹ láti sọ pé "a ò lọ lónìí", àti bóyá nọ́ọ̀sì náà lè sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má bínú sí i. Kó bèèrè ohun tó máa mú kí wọ́n kúrò pátápátá. Ẹgbẹ́ tó dára kì í bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí, wọ́n ti ní ìdáhùn nílẹ̀.

Ìwé kan wà tí wọ́n máa fún un kó kọ nǹkan sí, tó lè dẹ́rù bà yín bí ẹ bá rí i. Wọ́n máa ní kó kọ ìbéèrè mélòó kan tí òun nìkan àti ẹbí rẹ̀ mọ ìdáhùn rẹ̀. Bí àwọn kan bá jí i gbé, ìdáhùn yẹn ni ẹgbẹ́ náà fi ń mọ̀ pé ó wà láàyè. Ẹ má sá fún un. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ yan ìbéèrè náà, kó jẹ́ ohun tí yóò fi ìrántí ilé sí i lọ́kàn bí wọ́n bá bi í. Kí ẹ sì fi nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ náà, ti ẹni tó máa gbé e bó bá dún lóru. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ọ́fíìsì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ má gbé àwòrán rẹ̀ sórí Facebook, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn àbúrò yín gbé e síbẹ̀, torí àwọn tó bá mú un náà ń wo fóònù.